Aláìsàn Kì Í Dá Wá: Ìtàn Ìtọ́jú Alárùn Ọpọlọ ní Àrò, Abẹ́òkúta, àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ìjọ

Ọ̀rọ̀ Àkọ́sọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Apá kìíní òwe yìí jẹ́ ti èrò ọjà; apá kejì jẹ́ ti òbí. Àwa tí a jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì mọ apá kìíní ju apá kejì lọ. Nígbà tí wọ́n bá gbé aláìsàn wá síwájú pẹpẹ, tí ó ń pariwo, tí gbogbo ìjọ dìde láti wò ó, ara rẹ̀ ni ojú wa wà. Ṣùgbọ́n ìyá tí oorun ti dá lójú rẹ̀ láti oṣù mélòó kan, tí ó ti fi owó òwò rẹ̀ ra oògùn tán, tí àwọn ará àdúgbò ń yẹra fún, ẹ̀yìn ni ó jókòó sí. Bí ìsìn bá parí, òun náà ni yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, yálà ara ọmọ náà yá tàbí kò yá.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti sọ ìtàn ibì kan ní ilẹ̀ wa níbi tí wọ́n ti pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ibẹ̀ ni Àrò, ní Abẹ́òkúta. Ọdún rẹ̀ sì ni 1954. Kì í ṣe ìjọ ni ó dá ètò náà sílẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni a lè fọwọ́ sí. Síbẹ̀, a gbàgbọ́ pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kò gbọdọ̀ fojú fò dá: aláìsàn kì í dá wá, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú àwọn tí ó mú un wá pẹ̀lú.

Ọkùnrin Gádárà àti Ilé Rẹ̀

Kí a tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a ṣí Máàkù orí 5. Gbogbo wa ni a ti wàásù láti inú orí yìí, a sì máa ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀mí àìmọ́ àti agbo ẹlẹ́dẹ̀. Ohun méjì wà níbẹ̀ tí a máa ń sáré kọjá. Èkíní ni pé àwọn ará ìlú ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n de ọkùnrin náà lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì ṣe é ní àǹfààní kankan (ẹsẹ 3 àti 4). Ẹ̀wọ̀n ni ìtọ́jú tí ìlú mọ̀. Jésù kò fi ọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n. Èkejì ni pé nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó bẹ Olúwa kí ó jẹ́ kí òun máa bá a lọ. Olúwa kò gbà fún un. Ó rán an padà sílé, sí ọ̀dọ̀ àwọn ará rẹ̀ (ẹsẹ 18 sí 20). Iṣẹ́ ìwòsàn náà kò parí ní ibi ibojì. Agboolé ọkùnrin náà ni ó parí sí.

Ẹ̀wọ̀n àti ilé: òṣùwọ̀n méjì yìí ni a ó fi wọn ìtàn tí ó ń bọ̀.

Kí Ìjọba Òyìnbó Tó Dé

Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni wọ́n ń mú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lọ. Agboolé oníṣègùn náà ni aláìsàn yóò máa gbé, nígbà mìíràn fún oṣù púpọ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò sì máa gbé oúnjẹ àti owó wá. Ọ̀kan nínú igi tí wọ́n ń lò ni asofẹ́yẹjẹ. Igi náà kì í ṣe àròsọ lásán. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, ṣe ìwádìí lórí bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń fi í wo wèrè, ó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1960. Láti ara ìdílé igi yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ti yọ reserpine, oògùn tí àwọn ilé ìwòsàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń lò fún àrùn ọpọlọ ní àkókò náà.

Àmọ́, kí a má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ayé àtijọ́ dára tán. Aláìsàn tí ó bá ń jà, wọ́n a kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, irú èyí tí wọ́n kàn mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́sẹ̀ ní Fílípì. Nígbà mìíràn wọ́n a nà án. Ẹbọ àti ètùtù sì wà nínú ìtọ́jú náà, èyí tí onígbàgbọ́ kò lè bá wọn dá sí. Nítorí náà, bí a bá fi òṣùwọ̀n wa wọn àkókò yìí, a ó rí i pé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kò jìnnà. Ẹbí mọ ibi tí èèyàn wọn wà, wọ́n sì ń rí i.

Yábàá, 1907: Ògiri Láìsí Ilé

Ní 1906 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin nípa wèrè fún Gúúsù Nàìjíríà. Ní 31 October 1907 wọ́n ṣí ilé wèrè ní Yábàá ní Èkó. Wọ́n ti ṣí ti Calabar ṣáájú ní 1904. Aláìsàn 14 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá, ọkùnrin 8 àti obìnrin 6. Iṣẹ́ ilé náà kì í ṣe ìwòsàn. Ìpamọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń da ìgboro rú ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀, kí ìlú lè rójú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí dókítà kan níbẹ̀ tí ó kọ́ iṣẹ́ àrùn ọpọlọ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ mìíràn ní Lántòró ní Abẹ́òkúta, ní 1944, nítorí àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé náà.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó yí padà. Ní àgbàlá oníṣègùn, ẹbí ni ó mú aláìsàn wá, ẹbí ni ó sì ń bọ́ ọ. Ní Yábàá àti Lántòró, ìjọba ni ó mú un, ìjọba ni ó ń bọ́ ọ, ẹbí sì di àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ara aláìsàn bá tilẹ̀ yá, ta ni yóò gbà á? Ilé ti kọ́ bí a ṣe ń gbé láìsí i. Ẹ̀wọ̀n ṣì wà níhìn-ín, ilé ni wọ́n ti mú kúrò.

Àwọn Baba Wa àti Ìsọjí 1930

A kò lè sọ ìtàn yìí kí a fo ti ara wa. Ní oṣù July 1930, ní Òkè-Ọyẹ́ ní Iléṣà, ìsọjí ńlá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Láti ìlú dé ìlú ni àwọn èèyàn ti ń gbé aláìsàn wọn wá: arọ, afọ́jú, adití, àti àwọn tí orí wọn dàrú. Ìyá ló gbé ọmọ wá, ọkọ ló mú aya wá. Àwọn baba wa gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ni oníwòsàn, wọ́n sì pa oògùn tì pátápátá, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Ìgbàgbọ́ yìí le débi pé nígbà tí àwọn míṣọ́nárì Apostolic Church tí ó wá láti Britain ń lo kuiníìnì sí ibà, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, ó sì wà lára ohun tí ó fa ìpínyà tí a ti inú rẹ̀ bí ìjọ Christ Apostolic Church.

A kò kọ èyí láti tú ẹjọ́ àtijọ́ dá. Ọmọ ìsọjí náà ni wá, a kò sì tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìsọjí kò dáhùn tán, tí ó sì wà lọ́wọ́ wa títí di òní: ẹni tí a gbàdúrà fún tí ara rẹ̀ kò tíì yá, ta ni yóò bá a gbé? Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ gbé e? A ní ẹ̀kọ́ ìwòsàn tí ó lágbára. Ẹ̀kọ́ nípa ọdún gígùn tí ẹbí fi ń dúró de ìwòsàn ni a kò ní.

Àrò, 1954: Abúlé Di Ilé Ìwòsàn

Thomas Adéoyè Lámbò ni ọkùnrin tí ó gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà ti ìṣègùn. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Ní 1954 ìjọba fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Àrò. Ibùsùn 200 ni wọ́n ṣètò fún, ṣùgbọ́n ilé náà kò tíì parí.

Lámbò lè jókòó kí ó máa retí bíríkìlà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ àwọn àgbà abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká lọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé bí ayálégbé. Abúlé mẹ́rin ni ó wọ inú ètò náà. Wọ́n yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fẹ ilé wọn sí i. Ilé ìwòsàn sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nípa omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti pípa ẹ̀fọn. Àwọn onílé ń gba owó ilé. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ìlú ń sá fún tẹ́lẹ̀ di ohun tí abúlé ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Òfin kan ni ó gbé gbogbo ètò náà ró: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó sì máa bá a gbé: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, tàbí àǹtí. Ìbátan yìí ni yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀. Òun ni yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, níbi tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì yóò ti fún un ní abẹ́rẹ́, oògùn àti ìtọ́jú mìíràn tí òde òní mọ̀ nígbà náà. Ní ọ̀sán, òun ni yóò mú un padà sí abúlé. Ní ìrọ̀lẹ́, aláìsàn a wà láàárín èèyàn. Ó ń gbọ́ ariwo ọmọdé àti odó, ó ń rí ẹni tí ń ti oko bọ̀, ó ń kí èèyàn, wọ́n sì ń kí i padà.

Ètò yìí mú àǹfààní mẹ́ta wá. Èkíní, dókítà kò ní láti máa méfò nípa ìgbésí ayé aláìsàn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n láti kékeré jókòó níwájú rẹ̀. Èkejì, nígbà tí wọ́n bá dá aláìsàn sílẹ̀, ẹni tí ó ń bá a lọ sílé ti mọ oògùn rẹ̀, ó ti mọ àmì tí ó ń fi hàn pé àìsàn fẹ́ padà, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì bà á mọ́. Ẹ̀kẹta, àwọn ará abúlé rí i lójú ara wọn pé èèyàn ni alárùn ọpọlọ, pé ó lè wà láàárín ìlú láìsí ẹ̀wọ̀n lọ́rùn rẹ̀. Ìnáwó rẹ̀ sì kéré sí ti kíkọ́ ilé ìwòsàn ológiri gíga.

Ayé gbọ́ nípa Àrò. Ní 1961 àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà. Ní 1963 Lámbò pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cornell tẹ ìwé ìwádìí kan jáde nípa àìlera ọpọlọ láàárín Yorùbá. Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di igbá-kejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 títí di 1988. Àwọn kan fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti ìlú Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwọn ìdílé ti ń gba alárùn ọpọlọ sílé láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí àṣà náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọ. Ìyàtọ̀ kan wà: ní Geel, ìdílé àjèjì ni ó ń gba aláìsàn, ní Àrò, ìdílé tirẹ̀ bá a wá.

Ibi tí A Ti Yàtọ̀ sí Wọn, àti Ibi tí Ètò Náà Kùnà

Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sínú iṣẹ́ náà, ó ní wọ́n mọ èrò inú àwọn èèyàn wọn. Níbi tí èyí bá ti kan ìbọ àti ètùtù, àwa kò lè tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí ó fi pè wọ́n. Ó rí i pé ẹbí aláìsàn ní ìbéèrè tí abẹ́rẹ́ kò lè dáhùn: kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọmọ wa? Olùṣọ́-àgùntàn ni ó yẹ kí ó wà níbi ìbéèrè yẹn. Bí a kò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíràn yóò wà níbẹ̀.

Ètò náà ní àìpé tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìbátan tí ó bá aláìsàn wá fi oko tàbí ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó sì ti rí nínú ìtọ́jú aláìsàn káàkiri ilẹ̀ wa, obìnrin ni ẹrù náà máa ń wọ̀ lọ́rùn jù. Ẹni tí kò ní ẹbí, tàbí tí ẹbí rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò rí ẹni tí yóò bá a wá. Bí ìlú sì ti ń gbòòrò, tí ìgbé ayé ń yí padà, ètò abúlé náà kò rí bí ó ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn Àrò ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ìtumọ̀ èyí ni pé kí a pe ẹbí síwájú nìkan kò tó. Ẹbí náà ń fẹ́ ẹni tí yóò dì í mú kó má bàa ṣubú. Níhìn-ín gan-an ni àyè ìjọ wà.

Níbo ni Ìjọ Dúró Lónìí?

Òfin ilẹ̀ wa ti ń yí padà. Ní oṣù January 2019 Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí fífi ojú tẹ́ńbẹ́lú akàndá ẹ̀dá, ó sì fi ọdún márùn-ún sílẹ̀ kí a fi ṣe ilé gbogboogbò ní ọ̀nà tí wọ́n á fi lè wọlé. Ní January 2023 òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ gba ipò òfin wèrè ti ayé amúnisìn, èyí tí wọ́n ṣe ní 1916 tí wọ́n tún tò ní 1958.

Ṣùgbọ́n ní November 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n bẹ ibùdó 28 wò ní Nàìjíríà. Wọ́n rí àwọn alárùn ọpọlọ nínú ẹ̀wọ̀n ní ibùdó ìjọba, ní ti oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ti Mùsùlùmí, àti ní ti Kristẹni. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kan wá. Ibi àdúrà tí a bá ti so èèyàn mọ́ igi, tí a ní kí ìyá rẹ̀ máa lọ sílé kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí a sì fi ebi kún un ní orúkọ ààwẹ̀, Yábàá 1907 ni, kì í ṣe Máàkù orí 5. Ó tilẹ̀ burú ju ti agboolé oníṣègùn lọ, níbi tí ẹbí ti ń gbé oúnjẹ wá.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀mí èṣù ni, a kò sì lè ṣe é ní pẹ̀lẹ́. A kò sẹ́ pé ẹ̀mí èṣù wà. Ṣùgbọ́n Mátíù 4:24 ya àwọn ẹlẹ́mìí èṣù sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó ní wárápá àti àwọn arọ. Ìwé Mímọ́ kò da gbogbo àìsàn pọ̀ sí ojú kan. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀mí èṣù gan-an, Olúwa kò fi ebi lé e jáde lára aláìsàn, kò sì dè é.

Ohun Tí Olùṣọ́-àgùntàn Lè Ṣe

Ẹ̀yin tí a fẹ́ gbé ọwọ́ lé lórí láìpẹ́, ẹ ó dé ìjọ yín, ẹ ó sì bá irú ìdílé yìí níbẹ̀. A fi ohun márùn-ún sí yín lọ́kàn.

Kí ẹ má ṣe de ẹnikẹ́ni, kí ẹ má sì gbà kí wọ́n dè é ní àgbàlá tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀.

Kí ẹ má ṣe gba aláìsàn kí ẹ lé ẹbí rẹ̀ lọ. Bí kò bá ní ẹbí, kí ìjọ yan ẹni tí yóò dúró bí ẹbí fún un.

Kí ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe sọ fún aláìsàn láti dá oògùn rẹ̀ dúró láti fi dán ìgbàgbọ́ wò.

Kí ẹ má ṣe fi àìsàn ọmọ di ẹ̀sùn sí ìyá lọ́rùn. Jòhánù orí 9 ti dá ẹjọ́ náà: Olúwa kọ̀ láti di ẹ̀bi afọ́jú náà ru òun tàbí òbí rẹ̀.

Kí ẹ fún ẹbí ní ìsinmi. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹgbẹ́ ọkùnrin lè pín ọjọ́ láàárín ara wọn: ẹni méjì yóò jókòó ti aláìsàn ní ọjọ́ Tuesday kí ìyá lè lọ ná ọjà, ẹni méjì mìíràn ní ọjọ́ Friday kí ó lè sùn. Nínú Máàkù orí 2, èèyàn mẹ́rin ni ó gbé arọ náà wá, ìgbàgbọ́ wọn ni Jésù sì rí. Ẹ ronú bí ìbá ti rí ká ní ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ní láti gbé e dé orí òrùlé.

Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn

Ní Máàkù orí 9, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ tí ń ṣubú sínú iná àti omi wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, wọn kò sì lè ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti wà nínú àríyànjiyàn pẹ̀lú àwọn akọ̀wé nígbà tí Jésù dé. Kí ó tó bá ẹ̀mí náà wí, ó yíjú sí bàbá ọmọ náà, ó sì bi í pé láti ìgbà wo ni èyí ti ń ṣe é (ẹsẹ 21). Bàbá náà sọ gbogbo rẹ̀, láti ìgbà èwe ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa ṣàánú. Kò sọ pé fún ọmọ òun nìkan, ó ka ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Olúwa tí ó mọ ohun gbogbo bi ẹbí léèrè, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ní Sunday tí ń bọ̀, nígbà tí ìsìn bá parí tí èrò ń tú ká, ẹ wo ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ lọ bá a níbẹ̀, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í pé: Ìyá wa, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń gbé ẹrù yìí?